Olúwa Gbà Mí Lọ́wọ́ "Ó Kù Díẹ̀"

Ẹ bá mi pariwo Jésù! Ẹ tún un pè! Ẹ̀yin ará, ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, irọ́ ló fi ń jẹun tẹ́lẹ̀, òun náà ló dúró síwájú pẹpẹ lónìí. Ògo ni fún Ọlọ́run!

Púpọ̀ nínú yín mọ̀ mí. Èmi ni Felísítẹ̀ tó ń ya àwòrán lójú ọ̀nà Boni. Àìsàn tó ṣe mí kì í ṣe ibà. "Ó kù díẹ̀" ni. Bí ẹ bá gbé iṣẹ́ wá, màá ní kí ẹ wá gbà á ní Sátidé. Bí Sátidé bá dé, màá pa pọtábù mi kí ìpè yín má bàa wọlé. Bí ẹ bá bá mi nílé, màá ní kò síná, màá ní ọ̀dà kò tíì dé láti Kútọnu. Ọkọ mi ní: "Ṣé o mọ orúkọ tí wọ́n ń pè ẹ́ lọ́jà? Màmá Ó-kù-díẹ̀." Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ wo irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀!

Lọ́jọ́ kan, mò ń sọ fún oníbàárà kan lórí pọtábù pé ọmọ mi obìnrin wà ní ọsibítù. Ọmọ náà sì nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń jẹ ẹ̀wà. Ó gbójú sókè: "Màmá, ṣé ara mi ò yá ni?" Ẹ̀yin ará, mo ní kó máa jẹun lọ. Bí mo bá rántí ọjọ́ yẹn, itọ́ á korò lẹ́nu mi.

Èyí tó tún ń rí mi lára jù ni àwáwí tí mo máa ń ṣe: "Oníṣẹ́ ọnà ni mí, ìmísí ni mò ń dúró dè." Ìmísí wo? Ẹ̀rù ló ń bà mí! Bí mo bá gbé aṣọ funfun tí mo fi ń yàwòrán síwájú, màá rò pé àwòrán náà ò ní dára, màá wá sá lọ gba iṣẹ́ tuntun lọ́wọ́ ẹlòmíì.

Ọlọ́run wá rán Tàǹtí Kólẹ́tì sí mi. Aṣọ ló ń tà nínú ọjà wa. Ó mú fọ́tò ìyá rẹ̀ tó ti kú wá, fọ́tò káàdì, tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Kò sí òmíràn. Bàbá rẹ̀ wà lábúlé wọn ní Bessé, ojú rẹ̀ sì ń kú lọ. Dókítà ti sọ fún wọn pé: "Èyí tó ti lọ ò ní padà mọ́. Ohun tí Bàbá bá fẹ́ rí, kí wọ́n tètè rí i." Bàbá ní ìyàwó òun lòun fẹ́ rí, àmọ́ fọ́tò náà kéré jù fún ojú òun. Kí wọ́n yà á kó tóbi.

Mo ní màá parí rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo fi Bíbélì búra!

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta di oṣù mẹ́rin. Mo kan aṣọ funfun mọ́ igi, mo da nǹkan bò ó, mo gbé e ti ògiri. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbọ́ ìró alùpùpù níwájú ilé. Tàǹtí ni, òun àti bàbá arúgbó kan. Mo sá wọ yàrá. Mo ní kí ọmọ mi sọ pé mi ò sí nílé. Mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn bí olè, nínú ilé ara mi, mò ń yọjú wò wọ́n!

Tàǹtí ò dúró gbọ́ ti ọmọdé. Ó fa Bàbá wọ ibi iṣẹ́ mi. Ó ní, "Bàbá, ó gbọ́dọ̀ ti yà á. Òun nìyí." Ó ṣí nǹkan tí mo dà bò ó. Funfun báláú! Ìgbẹ́ alángbá nìkan ló wà lórí rẹ̀. Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé imú sún mọ́ ọn, ó ń wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó fọwọ́ nu ojú, ó tún wò. Ó wá rọra sọ pé, "Kólẹ́tì, ó ti parí. Ojú mi ti lọ. Mi ò rí i."

Tàǹtí di Bàbá mú.

Lẹ́yìn ilẹ̀kùn níbẹ̀, èébì gbé mi. Mo bì. Kì í ṣe oúnjẹ ló ṣe mí, ara mi ló rí mi lára. Mo jáde bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú èébì láṣọ, mo kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ dákun, ojú yín kọ́. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mi ò yà á."

Bàbá yíjú síbi tí ohùn mi ti wá. "Ṣé òótọ́ lo sọ?"

"Òótọ́ ni, Bàbá."

Ó pàtẹ́wọ́. "Ọlọ́run, o ṣé o! Ojú mi ò tíì lọ! Ọmọ mi, o ṣé!" Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Èmi! Ì bá sàn kó gbá mi létí. Tàǹtí ló fún mi ní tèmi: "Felísítẹ̀, irú ẹ̀dá wo ni ẹ́? Wo ara rẹ, o ń rùn!" Òótọ́ ló sọ.

Bàbá ní òun ò ní padà sí Bessé àfi bí mo bá yà á tán. Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ló ń sùn; bí ilẹ̀ bá mọ́, á wá jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò bínú, kò kán mi lójú. Ó kàn ń béèrè pé, "Ibo lo dé?" Bí mo bá ní mo ti ṣe gèlè tán, á gbé imú wá wò ó. Irọ́ ò ríbi gbà! Halelúyà! Nígbà tó kan ẹnu, mo ní, "Bàbá, ẹ̀rù ń bà mí pé kò ní jọ ọ́." Ó ní, "Ya èyí tí o lè yà. Màá sọ ibi tí kò ti jọ ọ́ fún ẹ." Ó sọ fún mi pé eyín iwájú ìyàwó òun là, pé àpá kan wà lábẹ́ ojú òsì. Ẹ̀yin ará, ìmísí ò dé o! Mi ò rí i! Ọwọ́ mi ṣáà ló ń ṣiṣẹ́.

Lọ́jọ́ karùn-ún, ó parí. Bàbá sún mọ́ ọn. Ó ní, "Ìyá Kólẹ́tì, mi ò mọ̀ pé o ti sanra tó báyìí." Tàǹtí bú sẹ́rìn-ín, omijé sì ń dà lójú rẹ̀. Jésù, o ṣé! Olùgbàlà, o ṣé!

Oṣù méjì ló fi wò ó. Lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ lọ pátápátá. Oṣù mẹ́rin tí mo fi ń parọ́ yẹn, Bàbá ìbá fi wo ìyàwó rẹ̀. Èmi ni mo jẹ ẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bàbá ti dárí jì mí. Ọlọ́run ti dárí jì mí. Síbẹ̀ ìwà yẹn ṣì ń rí mi lára, àdúrà mi sì ni pé kó má ṣíwọ́ rírí mi lára. Ẹ ṣe àmín!

Lónìí, iṣẹ́ mẹ́ta péré ló wà lọ́wọ́ mi, mi ò sì ní gba òmíràn kí n tó parí wọn. Pásítọ̀ wa tó jókòó síbẹ̀ yẹn ní kí n ya àwòrán sára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì kí ọdún Àjíǹde tó dé. Mo ní, "Pásítọ̀, mi ò lè ṣe é. Ó di lẹ́yìn Pẹ́ńtíkọ́sì." Wọ́n fajú ro. Ẹ wò wọ́n, wọ́n ṣì ń fajú ro! Ògo ni fún Ọlọ́run!

Mo dúpẹ́, mo tún ọpẹ́ dá. Ẹ̀yin aránṣọ, ẹ̀yin gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹ̀yin akọrin, ẹnikẹ́ni tí iṣẹ́ ẹlòmíì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ tí ìtìjú ò jẹ́ kó lè jáde: kò tíì rẹ Ọlọ́run tó gbà mí. Bí a bá túká níbí, ẹ má tíì lọ jẹun. Ẹ lọ bá ẹni tó ni iṣẹ́ náà nílé. Ẹ sọ fún un pé ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀. Ó máa bú yín. Ẹ jẹ́ kó bú yín tán. Kí ẹ wá padà sílé, kí ẹ ṣe ìwọ̀nba tí ọwọ́ yín bá ká kí oòrùn tó wọ̀.