Ìlú Tí Ìyàwó Káfíńtà Kò Yàn

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ẹ̀rín dúró fún mi díẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí odò kò gbé lọ lánàá. Òní ló gbọ́dọ̀ jáde.”

Orí àga gígùn ni káfíńtà wà nígbà tó sọ ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ti fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e dé ọrùn bí ọmọ tuntun, ọgbẹ́ iwájú orí rẹ̀ sì ṣì wú. Ilé kún fọ́fọ́. Láti àárọ̀ ni àwọn aládùúgbò ti ń rọ́ wọlé, tí wọ́n ń kí ìyàwó rẹ̀ kú ewu, tí wọ́n sì ń ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ara wọn bí ẹni pé kì í ṣe gbogbo wọn ló wà létí odò. Ayàwòrán tó ń gbé ní òdì-kejì ọ̀nà ti sọ àárín pálọ̀ di odò, ó ń ju apá sókè sódò láti fi hàn bí omi ṣe yí káfíńtà, gbogbo ilé sì ń rẹ́rìn-ín títí omijé fi ń bọ́. Ìyá Olóyin, arúgbó tó ń sin oyin lẹ́yìn ilé rẹ̀, gbé ife tíì sún mọ́ ọn lẹ́nu.

“Mu èyí ná, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ ò ní sá lọ.”

“Á sá lọ, Ìyá. Mo mọ ara mi. Tí ara mi bá yá tán, mi ò ní sọ ọ́ mọ́.”

Ẹ̀rín dá wáí. Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo ìlú ń pè ní Àǹtí Aránṣọ, ń ti ilé ìdáná bọ̀ pẹ̀lú abọ́ omi gbígbóná, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó náà, ọkùnrin sísanra kan tó wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ wá nígbà tó gbọ́ pé ọkọ àbúrò òun já sódò, wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó tún wúkọ́. Káfíńtà mọ ohun tí ikọ́ náà ń sọ, ó sì gbójú kúrò lára rẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé yín, ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Ọdún mẹ́jọ ṣáájú ìgbà náà, ìlú ńlá ni tọkọtaya yìí ń gbé, nínú yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń jó irin pọ̀. Ariwo irin ló ń jí wọn, èéfín a sì gba ojú fèrèsé wọlé bí àlejò tí kò nítìjú. Káfíńtà ń kan ilẹ̀kùn, àmọ́ ohun tí wọ́n ń gbé fún un kàn kì í ṣe igi mọ́, èérún igi tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ ni. Ìyàwó rẹ̀ ń rán aṣọ eré fún àwọn òṣèré. Bí òṣèré bá wọ aṣọ tó rán jáde, kó tó la ẹnu ni àwọn èèyàn ti máa ń mọ̀ bóyá ọba ni tàbí olè. Nígbà tó yá, àwọn méjèèjì fẹnu kò pé àwọn máa kó kúrò. Ìlú méjì ló wà níwájú wọn. Ọ̀kan wà létí òkun, ó tóbi díẹ̀, ilé ìṣeré ńlá kan níbẹ̀ sì ń wá aránṣọ; ìyàwó ti fi àpẹẹrẹ iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn. Èkejì ni ìlú kékeré yìí. Káfíńtà ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé, “Ìwọ lo máa yàn. Ibi tó o bá ní ká lọ, ibẹ̀ là ń lọ.”

Òótọ́ ló ń sọ nígbà náà. Àmọ́ kò tíì rí ìlú kékeré yìí nígbà náà.

Ọjọ́ tí wọ́n wá wò ó, ẹnu odi ìlú ni ọkọ̀ já wọn sí, torí láti ibẹ̀ wọlé, ẹsẹ̀ tàbí kẹ̀kẹ́ ni. Àfi bíi pé ẹnì kan yọ òwú kúrò létí káfíńtà. Ó ń gbọ́ odò, ó ń gbọ́ ẹyẹ, ó ń gbọ́ ìró bàtà ara rẹ̀. Gbogbo ilẹ̀kùn ni onílé ti kùn bó ṣe wù ú: òmíràn ní ẹja, òmíràn ní òṣùpá, òmíràn ní ojú èèyàn tó yọ ahọ́n síta. Amọ̀kòkò ń mọ ìkòkò lójúde. Ayàwòrán gun àkàbà, ó ń ya igbó sára ògiri ilé ìwé, àwọn ọmọ sì ń ké pè é láti ìsàlẹ̀ pé ó gbàgbé ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹnikẹ́ni kì í gé igi níbẹ̀. Èyí tí ìjì bá wó ni wọ́n máa ń pín fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Káfíńtà bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ pa ìtì igi kan tó wà nílẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ṣe omi. Ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, ó ń fà á láti òpópónà kan bọ́ sí èkejì. “Wo èyí! Wá wo tọ̀hún!” Ìyàwó rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ó ń sáré tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n padà dé ibùdókọ̀, ó ní, “Ó dára lóòótọ́. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tí àwọn ará etí òkun máa sọ ná.”

Ibi tí káfíńtà ti bẹ̀rẹ̀ ìjẹ́wọ́ rẹ̀ gan-an nìyí.

“Ẹ̀yin aládùúgbò mi,” ó ní, “ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí sí èèyàn dáadáa, ẹ tẹ́tí. Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò sùn dáadáa mọ́. Mò ń jẹun, ìlú yìí ni mò ń rí nínú abọ́. Mo ti kan ilẹ̀kùn ilé tí mi ò tíì ní níbí tán nínú ọkàn mi, mo ti kùn ún pàápàá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, fóònù dún. Ìyàwó mi wà ní ilé ìwẹ̀, ó ń kọrin. Mo gbé e. Obìnrin kan ní, ‘Ẹ jọ̀ọ́, ṣé aránṣọ wà nílé? Láti ilé ìṣeré etí òkun ni. Ẹnu yà wá sí iṣẹ́ rẹ̀, a fẹ́ kó wá bẹ̀rẹ̀.’ Ẹ wo ẹnu tí mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Ẹnu yìí náà ló dáhùn pé, ‘Ó ti rí iṣẹ́ síbòmíràn. Ó ní kí n bá òun dúpẹ́.’”

Àǹtí Aránṣọ gbé ẹsẹ̀ kan wọ inú pálọ̀.

“Ọkọ àbúrò mi,” ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó ké, “omi odò ti wọ̀ ọ́ lórí! Ẹ jẹ́ kó sùn, ẹ má dá a lóhùn.”

“Bọ̀dá, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán, torí ẹ mọ̀ sí i. Ẹ̀yin nìkan ni mo sọ fún. Ẹ ní kí n má jẹ́ kó mọ̀. Ẹ ní etí òkun jìnnà jù, pé níbí, ẹ lè máa wá wò wá. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ sì gbá mi léjìká. Mi ò di ẹ̀bi rù yín o. Kò sí ẹni tó fipá mú mi sọ ohun tí mo sọ.”

Ayàwòrán ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyàwó káfíńtà ló sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀.

“Ẹ sọ fún mi pé wọ́n pè. Ẹ ní wọn ò gbà mí.”

“Mo sọ bẹ́ẹ̀.”

“Mo bi yín pé kí ló dé.”

Káfíńtà fi ọwọ́ bo ojú. Ibí ló ń sá fún láti àárọ̀. Ó lè dúró síbí, kí wọ́n sì máa rò pé èyí tó burú jù ti tán.

“O bi mí. Ǹ bá ní wọ́n ti mú ẹlòmíràn, ìbá tán síbẹ̀. Àmọ́ ẹ̀rù bà mí pé wàá tún gbìyànjú. Mo wá nǹkan tó máa pa ìrètí náà pátápátá. Mo ní, ‘Wọ́n ní ojú rírán rẹ ò lágbára. Wọ́n ní ó máa ń ya.’ O wo ọwọ́ rẹ báyìí. O sunkún. Mo gbá ọ mọ́ra, èmi ẹni burúkú yìí, mo ń nu omijé tí mo fi ọwọ́ ara mi fà. Lọ́jọ́ kejì lo ní ó dáa, ká máa lọ sí ìlú kékeré yẹn, pé kọ́tìnnì àti aṣọ bẹ́ẹ̀dì ni wàá máa rán. Ẹ̀yin òṣèré ìlú yìí, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ wá bẹ̀ ẹ́ kó rán aṣọ eré fún yín? Ẹ rántí ohun tó máa ń sọ. ‘Ọwọ́ mi ò tó bẹ́ẹ̀.’ Èmi a wà ní kọ̀rọ̀, màá gbọ́, màá sì máa fá pákó mi lọ bí ẹni tí kò gbọ́.”

Káfíńtà ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

“Lánàá, afárá onípákó ni mò ń tún ṣe. Ẹ rí bí òjò ṣe kún odò. Pákó yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, mo fi orí gbá òpó, omi gbé mi, ó dojú mi kọ àpáta. Ìyàwó mi ń kọjá létí odò, ó gbé kọ́tìnnì oníbàárà dání. Ó tú u, ó sọ ọ́ sí mi. Mo di ìdí rẹ̀ mú, ẹ̀yin di orí rẹ̀ mú. Aṣọ méjì tó rán pọ̀ ni. Ojú rírán ló wà láàárín èmi àti gbogbo yín, ó wà níwájú imú mi báyìí, mò ń wò ó. Odò ń fà mí sọ́hùn-ún, ẹ ń fà mí síhìn-ín, ẹ sì mọ bí mo ṣe tóbi tó. Mo ní, ó parí, èmi ni mo ní ó máa ń ya, ó máa ya báyìí. Kò ya! Òwú kan ṣoṣo ò já! Ìyàwó mi, òótọ́ ni mo fi pamọ́ fún ọ. Obìnrin yẹn tún ní kí n sọ fún ọ pé irú ọwọ́ rẹ ṣọ̀wọ́n. Jọ̀ọ́, forí jì mí.”

Gbogbo ojú yí sí Àǹtí Aránṣọ. Wọ́n rò pé á kígbe. Ó gbé abọ́ kalẹ̀, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

“Kí ló ní kí ẹ sọ?”

“Pé irú ọwọ́ rẹ ṣọ̀wọ́n.”

“Ẹ tún un sọ.”

Ó tún un sọ. Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ti inú wá, àyà rẹ̀ ń mì, ojú rẹ̀ sì tàn débi pé Ìyá Olóyin náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín láìmọ ìdí. Lẹ́yìn náà ni ìbínú dé, ó sì dé gidi. Kò fi ẹ̀yin pe ọkọ rẹ̀ mọ́.

“Mi ò bá ọ jà nítorí ìlú. Ìlú yìí dára, mo lójú. Ọwọ́ mi lo gbà lọ́wọ́ mi! Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ń rán ojú kan náà lẹ́ẹ̀mejì, tí mo ń fà á wò ní kọ̀rọ̀ bí olè kí n tó gbé e fún oníbàárà. Bọ̀dá mi, ẹ̀yin náà mọ̀?”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ọkùnrin ńlá bẹ́ẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́. “Àbúrò mi, ojú kòkòrò ló bá mi. Mo fẹ́ kó o sún mọ́ mi ni.”

“Ẹ dìde, Bọ̀dá. Mo ti gbọ́ ti ẹ̀yin méjèèjì. Mi ò tíì dáhùn.” Ó yí padà sí ọkọ rẹ̀. “Tí ara rẹ bá ti gbé ẹrù, wàá gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi dé ibùdókọ̀. Mò ń lọ wo ìlú tí wọn ò jẹ́ kí n wò.”

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Káfíńtà gbé ẹ̀rọ náà lé èjìká, ó sì rìn lẹ́yìn rẹ̀. Ó wù ú kó bi í bóyá á padà wá. Kò bi í. Nígbà tí ọkọ̀ ṣí, obìnrin náà ti yọrí lójú fèrèsé, ó ń wo iwájú bí ọmọ ilé ìwé tó ń lọ fún ìsinmi.

Àwọn kan nínú ìlú kò kí káfíńtà fún ìgbà díẹ̀, kò sì bínú sí wọn. Tọkọtaya ọ̀dọ́ kan wá wo ìlú lákòókò náà, ọkọ ń fa ìyàwó kiri bí òun náà ṣe fa tirẹ̀, inú ń dùn, ọ̀rọ̀ ń dà lẹ́nu rẹ̀ bí omi. Káfíńtà fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó pè wọ́n. “Ọmọ mi,” ó sọ fún ọkọ, “ìlú yìí dùn ju bó o ṣe rò lọ. Jẹ́ kí òun náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó dùn. Tó bá ní kò dùn, ẹ máa lọ. Tó o bá fi irọ́ mú un wá síbí, ẹyẹ á máa ké, o ò ní gbádùn rẹ̀. Èmi ni mo sọ fún ọ, mo ti ṣe é rí.” Ọmọkùnrin náà wo ojú rẹ̀, ó sì dẹwọ́ lára ìyàwó rẹ̀.

Òjò ti dáwọ́ dúró, afárá sì kù díẹ̀ kó parí, nígbà tí káfíńtà gbójú sókè lọ́sàn-án kan tó rí ìyàwó rẹ̀ tó ru ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ bọ̀ láti ibùdókọ̀. Kò yára. Ó ń dúró níwájú ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, ó ń wò ó. Ó bá amọ̀kòkò rẹ́rìn-ín. Ó dúró gbọ́ odò. Àfi bíi pé kò dé ìlú náà rí. Káfíńtà jù hámà sílẹ̀, ó sáré lọ pàdé rẹ̀, nígbà tó sì débẹ̀, ó kàn dúró, kò mọ ohun tó máa fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe.

“Wọ́n gbà mí,” obìnrin náà ní, kò tiẹ̀ kí i. “Wọ́n rántí mi! Mo rán gbogbo aṣọ eré wọn tuntun. Ọba inú eré yẹn, kó tó la ẹnu ni wọ́n ti pàtẹ́wọ́ fún un. Wọ́n ní kí n dúró. Mo rò ó dáadáa, mo rìn káàkiri ìlú náà, òkun dára, àmọ́ mi ò gbọ́ ẹyẹ kankan. Mo ti ní kí wọ́n máa fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi. Mo sì ti bá Ìyá Olóyin sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó fún mi ní yàrá òkè rẹ̀, èyí tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ jù nínú ẹ̀.”

“Yàrá Ìyá Olóyin?” Káfíńtà wo ọ̀nà ilé tiwọn. “Ìyẹn ni pé…”

“Ìlú ni mo yàn. Fúnra mi. Ìwọ, mo ṣì ń wò ọ́ ná.”

Ó na ọwọ́ sí ẹ̀rọ ìránṣọ tó ti sọ̀ kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Káfíńtà gbé e, ó gun àtẹ̀gùn ilé Ìyá Olóyin lọ sókè láìsinmi, inú rẹ̀ sì ń dùn bí ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà láyè láti wá máa fẹ́ ọmọge.