Àáké Tí Mo Fi Ń La Ìbínú

Bí mo bá ń lagi ní Bódìjà, àwọn ará Moniya a máa sáré kó aṣọ wọn lórí okùn, wọ́n á ní àrá ti sán, òjò ń bọ̀. Irú ọkùnrin tí mo jẹ́ nìyẹn. Lónìí, inú yàrá tí ọwọ́ mi méjèèjì ń kan ògiri rẹ̀ ni mo jókòó sí. Adájọ́ ti ní kí wọ́n yẹgi fún mi. Bí wọ́n bá ti ṣí géètì láàárọ̀, ẹsẹ̀ wọ́dà ni mò ń wò: ṣé oúnjẹ ló gbé wá, àbí èmi ló wá mú?

Wọ́n bí ìbínú mọ́ mi ni. Bàbá mi rí i, wọ́n fún mi ní àáké wọn. Wọ́n ní, "Inú ara ni ìbínú ń gbé. Ara ni kó o fi lé e jáde. Lọ máa lagi." Látìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti ṣẹ̀ mí, ó di ẹ̀yìnkùlé. Màá lagi títí òógùn á fi bò mí, tí ọ̀rọ̀ náà á fi di ẹ̀rín. Mi ò gbá ìyàwó mi létí rí. Òun gan-an a máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀: "Bàbá Bọ̀sẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún bínú díẹ̀ sí i. Igi tá a ó fi se ẹ̀wà ò tíì tó."

Nígbà tó yá, àáké gbó. Irin rẹ̀ fò yọ lọ́jọ́ kan, ó fọ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Bọ̀sẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí Làmídì pààrọ̀ èèkù yìí," ó bẹ̀ mí. Ọ̀rẹ́ mi láti kékeré ni Làmídì, káfíńtà ni nídìí ọjà pákó Bódìjà. Òun ló sọ mí ní Àrá Bódìjà.

"Bàbá mi ló gbẹ́ ẹ," mo dáhùn. "Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, èmi pẹ̀lú onítọ̀hún ni!"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyàwó mi rò pé mo ti sùn. Mo gbọ́ ohùn Làmídì ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Ǹ bá jáde kí i. Ilẹ̀kùn ni mo lẹ etí mọ́. Etí mi ló kọ́kọ́ jalè kí ọwọ́ mi tó pànìyàn.

"Ẹ má jẹ́ kó mọ̀ o," ìyàwó mi wí.

"Àrá Bódìjà?" Làmídì rẹ́rìn-ín. "Kó tó jí, mo ti lọ."

Mi ò bi wọ́n. Mo sáré lọ sẹ́yìnkùlé. Àáké ò sí níbẹ̀.

"Ìyá Bọ̀sẹ̀, àáké mi dà?"

Kò wò mí lójú. "Mi ò mọ̀ o. Ẹ lọ sinmi."

Mo wá ń ṣọ́ wọn. Bó bá lo pọ́dà, màá ní torí Làmídì ni. Bí Làmídì ò bá yọjú, màá ní wọ́n ti pààrọ̀ ibi tí wọ́n ti ń pàdé. Ìbínú tí ò rígi là, èmi ló ń là.

Ìrọ̀lẹ́ kan báyìí, Làmídì yọ́ gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Àáké mi ló dì mú.

"Olè! Ìyàwó mi ò tó ẹ, o tún jí àáké bàbá mi?"

"Àrá Bódìjà, ta ló tún ṣẹ̀ ọ́? Fara balẹ̀ ná..."

Ó gbé àáké sókè sí mi, ojú rẹ̀ pọ́n koko. Mo fa ẹ̀là igi kan yọ, mo là á mọ́ ọn lórí. Ó ṣubú, kò dìde mọ́. Bí mo ṣe sọ ọ́ fún adájọ́ nìyẹn.

Ìyá Bọ̀sẹ̀ sáré jáde, ó figbe ta: "Èèkù ló lọ pààrọ̀! Èèkù ló lọ pààrọ̀ fún yín o!"

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, òótọ́ ni bàbá mi sọ. Ẹ fi ara lé ìbínú jáde: ẹ lagi, ẹ gúnyán, ẹ rin ìrìn kíkankíkan láti Agbowó lọ sí Moniya. Ṣùgbọ́n ẹ má gbójú lé ohun kan ṣoṣo, ọjọ́ tí kò bá sí nílé ńkọ́? Aṣọ ìdọ̀tí kún ilé mi lọ́sẹ̀ náà, ǹ bá fi ìbínú fọ̀ ọ́. Ìfura ní tiẹ̀ kì í bá òógùn jáde. Ẹnu ni wọ́n fi ń bèèrè rẹ̀, mi ò sì bèèrè.

Ẹ ti mọ̀ pé kò sí ará Moniya tó gbọ́ ìró àáké mi rí. Irọ́ ẹ̀rín nìyẹn. Irọ́ kejì ni mo pa fún adájọ́, tí mo tún pa fún yín lókè yẹn. Làmídì ò gbé àáké sókè. Irin rẹ̀ ló dì mú. Èèkù tuntun ló nà sí mi, kí n gbà á.