Kì í Ṣe Ẹnu Mi Lẹ Ti Máa Gbọ́ Ọ

Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti igba náírà ni páànù àlùbọ́sà lọ́jọ́ tí mo ṣe ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ yìí. Ó ti tó ọdún méjì. N ò sọ ọ́ fún ẹnì kankan rí, àfi àlùbọ́sà mi, òun náà ló sì ń pa mí lẹ́kún.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń tajà. Ìyá Sìdí ló wà nísọ̀ ẹ̀gbẹ́ mi. Sìdí ọmọbìnrin rẹ̀ ń fẹ́ ọmọ ọba kan láti apá Ọ̀yọ́, ọmọkùnrin náà ni wọ́n ń wò fún oyè bàbá rẹ̀.

Nígbà yẹn, gbogbo wa ń wo eré kan lórí tẹlifíṣàn. Àrólé ọba fẹ́ràn ọmọ alágbẹ̀dẹ. Ààfin rán èèyàn lọ wádìí ọmọ náà, ìyá arúgbó kan yínmú, ó ní, "Kì í ṣe ẹnu mi lẹ ti máa gbọ́ ọ." Ààfin ní àwọn ò fẹ́ ọmọ náà mọ́. Síbẹ̀, àrólé bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ lélẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, ó bá ọmọ náà lọ.

Ọ̀rọ̀ ìyá yẹn dùn mọ́ mi lẹ́nu. Bí oníbàárà bá bi mí bóyá àlùbọ́sà mi ti ń jẹrà, òun náà ni n ó fi dá a lóhùn. Gbogbo ìsọ̀ á rẹ́rìn-ín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ìyá Sìdí ti lọ kírun. Bàbá kan àti ìyá kan ra páànù mẹ́ta lọ́wọ́ mi. Ìyá náà rẹ ohùn sílẹ̀: "Ẹ kú ọjà o. Ọ̀yọ́ la ti wá. Ẹ jọ̀ọ́, irú ilé wo nilé Ìyá Sìdí? Ọmọ wa fẹ́ fẹ́ ìyàwó níbẹ̀ ni."

Ẹnu mi yá ju orí mi lọ. Mo yínmú. Mo ní, "Kì í ṣe ẹnu mi lẹ ti máa gbọ́ ọ." Mo bú sẹ́rìn-ín.

Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n wo ara wọn. Àṣé wọn ò wo eré náà. Ó yẹ kí n sọ pé àwàdà ni, pé n ò rí àbùkù kan nílé yẹn rí. Bàbá náà na ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá sí mi, ó ní, "A dúpẹ́, ìyá. Ẹ máa mú ṣéńjì." Mo ki owó náà bọ àpò.

Ọmọ ọba náà ò wá sọ́dọ̀ Sìdí mọ́. Mo ń tan ara mi pé bó bá fẹ́ràn rẹ̀ dénú, á ṣe bíi ti inú eré. Ti tẹlifíṣàn bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn; tiwa ò bọ́ fìlà pàápàá. Títí dòní, Sìdí ò mọ ohun tí òun ṣe.

Ẹbí ọkùnrin mìíràn ń bọ̀ wá wádìí Sìdí ní Sátidé yìí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ̀ ní, "Ìwọ ni n ó ní kí wọ́n bi léèrè, ọ̀rẹ́ mi. Ta ló tún mọ̀ wá tó ọ?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá sọ òótọ́ fún Ìyá Sìdí kí wọ́n tó dé, mo lè pàdánù rẹ̀. Bí mo bá panu mọ́, ojú wo ni n ó fi wo Sìdí? Ṣéńjì tí mo gbà lórí ọkọ rẹ̀, irinwó náírà ni.