Ọjọ́ Tí Ìbọn Móyọ̀ Kọ̀ Láti Tan Iná

Ògo! Mo ní ògo! Ẹ̀yin ará, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ èmi nìkan ni mo ń pariwo níbí o. Ògo ni fún Ọlọ́run tó gbà mí lọ́wọ́ èmi fúnra mi! Halelúyà!

Ẹ ṣeun, ẹ jókòó. Èmi ni Màmá Móyọ̀, tó máa ń jókòó lápá ọ̀tún nídìí fáànù kejì. Iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe ní Sẹkitéríàtì, ọmọ Èkìtì sì ni mí, ẹ mọ̀ pé agídí kì í wọ́n wa. Pásítọ̀ fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Dádì, ẹ má wo aago lónìí, ẹ jọ̀ọ́.

Ẹ mọ Móyọ̀, ọmọ mi obìnrin. Eré ìdárayá tí wọ́n pa márùn-ún pọ̀ sí ọ̀kan ló ń ṣe. Wọ́n á fi idà jà, wọ́n á lúwẹ̀ẹ́, wọ́n á gun ẹṣin fo igi, lẹ́yìn náà wọ́n á máa sáré, wọ́n á máa dúró yìnbọn, wọ́n á tún máa sáré lọ. Ìbọn náà kì í ṣe ìbọn ọta o. Ìmọ́lẹ̀ ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Tí ìmọ́lẹ̀ yẹn bá ba ojú àmì, iná á tàn níbẹ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, mo ní, "Ìwọ ọmọbìnrin yìí, ṣé ṣọ́jà lo fẹ́ dà ni?" Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ n ṣe é." Òyìnbó ló fi sọ ọ́, torí Yorùbá tó ń gbọ́ pọ̀ ju èyí tó ń sọ lọ.

Lọ́dún tó kọjá, ẹṣin gbé e ṣubú. Egungun èjìká rẹ̀ ṣẹ́. Dókítà wo fọ́tò egungun náà, ó ní, "Màmá, á jinná, àmọ́ mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ọwọ́ yìí á tún na ìbọn bó ṣe yẹ." Oṣù méje gbáko! Mò ń fi omi gbígbóná jó èjìká náà láràárọ̀ kí n tó wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Òun ń sunkún, èmi ń kọrin. Ó jinná! Ẹ bá mi yin Ọlọ́run! Dókítà kan náà ló ní kó na ọwọ́ náà, ó nà án, dókítà fúnra rẹ̀ pàtẹ́wọ́.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, Kóòṣì Sánì wá sílé wa ní Kubwa. Òun ló ń kọ́ wọn. Hausa ni, ó ti gbé Ìbàdàn rí, Yorùbá rẹ̀ sì dá múṣémúṣé ju ti ọmọ mi lọ. Ó ní, "Mama, ìdíje ńlá kan ń bọ̀ níbí ní Abuja, àwọn ará ilẹ̀ òkèèrè ń bọ̀. Nínú àwọn ọmọbìnrin tiwa, àwọn méjì tó bá ṣáájú ni wọ́n máa mú lọ sí ìdíje àgbáyé. Móyọ̀ ti fẹ́ dàgbà kọjá ìpele àwọn ọ̀dọ́. Tí kò bá rí i mú lọ́tẹ̀ yìí, ó parí nìyẹn." Ó parí nìyẹn! Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mò ń dáná, mò ń gbọ́ ọ. Mo wà nídìí fáìlì lọ́fíìsì, mò ń gbọ́ ọ.

Ọjọ́ náà pé. Mo gbàyè níbi iṣẹ́, mo lọ jókòó síbi tí wọ́n fi àwọn òbí sí. Ẹni tó jókòó tì mí ni Màmá Ràhílà, obìnrin Gbagyi kan tó ń mọ ìkòkò ní Ushafa. Ràhílà ọmọ rẹ̀ àti Móyọ̀, abẹ́ Kóòṣì Sánì kan náà ni wọ́n wà. Ó bu kúlíkúlí fún mi nínú ike rẹ̀. Mo gbà á, mo jẹ ẹ́, àmọ́ kí n má parọ́ níwájú pẹpẹ, inú mi ò yọ́ sí i. Ọmọ Kàdúná kan wà tó dà bíi pé ipò kìíní nínú àwọn tiwa ti di tirẹ̀. Àwọn yòókù jìnnà sẹ́yìn. Ipò kan ṣoṣo ló kù, tí kò bá sì jẹ́ ti Móyọ̀, ti Ràhílà ni.

Wọ́n fi idà jà, Móyọ̀ ṣe dáadáa. Wọ́n lúwẹ̀ẹ́, ó tún ṣe dáadáa. Ó wá ku ẹṣin. Nínú eré yìí, ẹ kì í mú ẹṣin yín wá láti ilé o. Kèké ni wọ́n ń ṣẹ́. Ẹṣin tí ẹ kò rí rí ni wọ́n máa fà lé yín lọ́wọ́, ogún ìṣẹ́jú péré lẹ sì ní láti fi mọ ìwà rẹ̀. Èyí tó kan ọmọ mi, dúdú, olójú ìjà. Ó kọ igi àkọ́kọ́, ó yí bìrí! Mo ti di aṣọ Màmá Ràhílà mú láìmọ̀. Móyọ̀ ò ṣubú! Ògo! Ó fọwọ́ pa á lọ́rùn, ó tún darí rẹ̀ síbi igi, wọ́n fò ó. Ṣùgbọ́n máàkì tó pàdánù pọ̀. Kí wọ́n tó bọ́ sí eré ìkẹyìn, wọ́n sọ máàkì di àkókò tí kálukú máa fi bẹ̀rẹ̀ eré; ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta péré ló fi ṣáájú Ràhílà.

Wọ́n ní kí wọ́n sinmi ná. Móyọ̀ gbé báàgì ìbọn rẹ̀ fún mi, ó ní òun fẹ́ lọ na ẹsẹ̀. Kóòṣì Sánì ní, "Mama, don Allah, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ìbọn yìí. Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ti lẹ àmì mọ́ ọn." Mo ní, "Kóòṣì, ẹ fọkàn balẹ̀." Bó ṣe kẹ́yìn sí mi báyìí, mo ṣí báàgì. Mo yọ ìgò òróró àdúrà mi. Ẹ̀yin ará, èmi tí mi ò lè lọ ṣe ìdánwò ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ láì ta òróró sí bírò! Mo fi pa ìdí ìbọn, mo fi pa ara rẹ̀, mo wá fi àtàǹpàkò tẹ òróró sẹ́nu rẹ̀ gan-an, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń jáde. Mo ní, "Ìwọ ìbọn yìí, o ò ní tàsé!" Mo dá a padà, ọkàn mi balẹ̀ bíi ti ẹni tó jẹun yó. Mo lọ ra omi. Kí n tó dé, oòrùn ti kan báàgì náà, Màmá Ràhílà sì ti gbé e sí ibòji. Mo tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ku bí ogún ìṣẹ́jú kí eré bẹ̀rẹ̀, wọ́n pè wọ́n wá dán ìbọn wò. Ọmọ Kàdúná yìn ín, iná tàn. Ràhílà yìn ín, iná tàn. Móyọ̀ yìn ín. Kò sí nǹkan. Ó tún yìn ín. Kò sí nǹkan! Ìgbà márùn-ún, ìgbà mẹ́wàá! Mo rí i tó bojú wẹ̀yìn, tó ń wá mi kiri láàárín èrò. Jésù!

Mo pe Ìyá Àdúrà wa lórí fóònù. Mọ́mì, ẹ jókòó, mi ò bú yín o. Wọ́n ní, "Ta ló fọwọ́ kan ẹrù ọmọ náà?" Mo ní, "Màmá Ràhílà ló gbé báàgì." Wọ́n ní, "O ò ti rí i báyìí?" Ó tán. Mo ti rí ọ̀tá mi. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá wọn, inú mi ń ru ṣùṣù.

Ìgbà tí n ó fi débẹ̀, ọkùnrin ará Íjíbítì kan tó ń yẹ ohun èlò wò ti gba ìbọn náà. Ó fi aṣọ funfun nu ẹnu rẹ̀, ó gbé aṣọ náà sókè sí oòrùn, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó ní, "Òróró ni. Òróró ló bo ojú dígí inú rẹ̀." Kóòṣì Sánì ní, "Kai! Òróró kẹ̀?" Òyìnbó obìnrin kan tó jẹ́ adájọ́ bínú, ó ní, "Ta ló dé ìdí ìbọn yìí?" Móyọ̀ ò mọ nǹkan kan. Ó ní, "Mo rí Màmá Ràhílà tí wọ́n gbé báàgì náà."

Gbogbo ojú yí sí obìnrin yẹn. Adájọ́ ní tó bá jẹ́ ìyá Ràhílà ló ba ìbọn jẹ́, àwọn á yọ Ràhílà kúrò nínú ìdíje lójú ẹsẹ̀. Màmá Ràhílà ò gbọ́ Òyìnbó dáadáa, ẹnu wọn ló ń wò. Ìgbà tí ọmọ rẹ̀ túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún un, ó nawọ́ sókè sí oòrùn. Ó ní, "Oòrùn ni. Mo kàn gbé e kúrò lóòrùn ni."

Èmi ńkọ́? Èmi ti mọ̀. Àtìgbà tí ọkùnrin yẹn ti gbóòórùn aṣọ ni mo ti mọ̀. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́: ọkàn mi ní kí n dákẹ́. Dákẹ́ ṣá! Tí wọ́n bá yọ Ràhílà, ipò kejì ti di ti Móyọ̀. Bí iná kankan ò tiẹ̀ tàn fún un, á kàn dúró kí àkókò ìyìnbọn pé ni, á sì máa sáré lọ. Mo rántí oṣù méje tí mo fi ń jó èjìká. Mo rántí "ó parí nìyẹn." Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí! Mo dákẹ́. Ẹ̀yin ará, mo dákẹ́ o. Mo wo ilẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn fi ń wé gèlè.

Màmá Ràhílà wá yíjú sí mi. Pijin ló fi bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní, "Màmá Móyọ̀, ẹ bá mi sọ fún wọn. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀."

Ha! Ojú tì mí! Mo ní, "Èmi ni. Ẹ fi obìnrin yìí sílẹ̀. Èmi ìyá rẹ̀ ni mo ta òróró sí i."

Kóòṣì Sánì ká ọwọ́ lérí. Móyọ̀ wò mí. Ó ní, "Mọ́mì, kí ló dé?" Kò pariwo. Ì bá tiẹ̀ pariwo! Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì.

Ará Íjíbítì náà ní òun ní láti tú ìbọn yẹn kí òun tó lè nu inú rẹ̀, kò sì ní yá. Adájọ́ ní àwọn ò ní dá eré dúró. Kóòṣì ní ẹgbẹ́ ní ìbọn kan tí wọ́n fi pamọ́, wọ́n ti yẹ òun náà wò, àmọ́ orúkọ Ràhílà ni wọ́n fi sí, bí tirẹ̀ bá lọ bàjẹ́. Adájọ́ ní, "Tí ọmọ yẹn ò bá yọ̀ǹda rẹ̀, kò sí ohun tí mo lè ṣe." Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́fà.

Ẹ dá mi lóhùn, ẹ̀yin ará. Ká ní ẹ̀yin ni Ràhílà ńkọ́? Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ sọ ìyá yín di ọ̀daràn. Kí ẹ ṣáà ti ní "rárá," ọ̀nà ti là fún yín nìyẹn. Ràhílà wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ sọ gbólóhùn kan ní èdè wọn, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ aṣọ nu ojú. Ràhílà lọ mú ìbọn náà wá, ó nà án sí Móyọ̀. Ó ní, "Ó máa ń fà sápá òsì díẹ̀. Kíyè sí i." Halelúyà! Ẹ jẹ́ n mí ná.

Eré bẹ̀rẹ̀. Móyọ̀ bọ́ síta, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, Ràhílà náà bọ́ síta. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n máa dúró yìnbọn, iná márùn-ún ló sì gbọ́dọ̀ tàn nígbà kọ̀ọ̀kan. Ní àkọ́kọ́, ìbọn àjèjì yẹn da ọmọ mi láàmú. Ó tàsé. Ó tàsé! Ràhílà ti tan tirẹ̀, ó ti lọ. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbà kejì, Móyọ̀ fa ọwọ́ sápá ọ̀tún díẹ̀, márààrún tàn wàràwàrà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí lé e. Nígbà kẹta, ó ṣì wà lẹ́yìn. Nígbà kẹrin, ẹ gbọ́ o, wọ́n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n sì kúrò níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà!

Màmá Ràhílà di ọwọ́ mi mú. Mo fẹ́ gbàdúrà, mi ò mọ ohun tí mo máa sọ. Ṣé kí n ní kí ọmọ rẹ̀ kọsẹ̀ ni? Mo kàn ń pe Jésù, Jésù, Jésù. Ọmọ Kàdúná ti wọlé tipẹ́. Àwọn méjì yìí ń bọ̀, èjìká mọ́ èjìká, ẹnu wọn là sílẹ̀. Móyọ̀ fi àyà ṣáájú rẹ̀. Ìwọ̀n apá kan péré! Móyọ̀ ló gbà á! Ẹ bá mi kígbe, torí mi ò lè kígbe lọ́jọ́ yẹn! Ràhílà dojú bolẹ̀ lórí koríko, ó ń sunkún, Móyọ̀ sì lọ dùbúlẹ̀ tì í. Màmá Ràhílà jọ̀wọ́ ọwọ́ mi. Ó kí mi ní Hausa, ó ní, "Sannu, Màmá Móyọ̀. Ẹ lọ kí ọmọ yín." Ohun tó sọ nìyẹn.

Lọ́jọ́ Thursday tó ń bọ̀ yìí, Móyọ̀ ń wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ síbi ìdíje àgbáyé. Ọlọ́run, mo dúpẹ́! Olùgbèjà mi, mo dúpẹ́! Àwọn kan ti bá mi tún ẹ̀rí yìí ṣe, wọ́n ní kí n sọ pé ọ̀tá ba ìbọn jẹ́, Ọlọ́run sì pèsè òmíràn. Móyọ̀ ló ní, "Mọ́mì, tí ẹ ò bá ní sọ gbogbo ẹ̀, ẹ má sọ ọ́ rárá." Mo ti sọ gbogbo ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ìdààmú lónìí, Ọlọ́run tó gbọ́ tèmi á gbọ́ tiyín. Ẹ má sọ̀rètí nù. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dárúkọ ọ̀tá, ẹ bi ara yín ohun tí ẹ̀yin fúnra yín ṣe. Tí ẹ bá sì mọ̀ ọ́n, ẹ yára sọ ọ́, kí ẹlòmíràn má lọ jìyà rẹ̀. Ẹ bá mi gbàdúrà fún Ràhílà, kí ọ̀nà tirẹ̀ náà là.

Mo pe Màmá Ràhílà wá lónìí. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n máa wá, àmọ́ mo ti ń rí wọn látàárọ̀ níbi àga ìkẹyìn, lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Níwájú òyìnbó ni mo ti ní èmi ni mo jẹ̀bi. Mi ò tíì bẹ obìnrin yìí. Pásítọ̀, ẹ gba máìkì yìí lọ́wọ́ mi, ẹ jọ̀ọ́. Mò ń lọ bá wọn.