Àlá Tí Mi Ò Lá sí Mọ́tò Ẹ̀gbọ́n Wálé

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó bú mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi. Ǹ bá má sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹnì kan ń retí èsì lẹ́nu mi ní Sunday tó ń bọ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí kí n má tún lọ purọ́.

Ẹ̀gbọ́n Wálé lẹni náà. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la jọ ń lọ níbí ní Atlanta. Ilé wọn ni mo kọ́kọ́ dé sí nígbà tí mo wọ Amẹ́ríkà. Wọn ò ṣẹ̀ mí rí. Mọ́tò wọn ló ṣẹ̀ mí.

Ọkọ̀ bọ̀gìnnì àtijọ́ ni, dúdú tó ń dán. Ó jù mí lọ́jọ́ orí. Irú rẹ̀ ni bàbá wọn tà ní Ìbàdàn kó lè rówó rán wọn wá síbí. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n fi wá a kiri títí wọ́n fi rí i rà.

Èmi náà ra tèmi, sedan tuntun. Ó ní kámẹ́rà lẹ́yìn, ìjókòó rẹ̀ ń gbóná nígbà òtútù, àwọn ọmọ mi sì ń jókòó pẹ̀sẹ̀ sínú ẹ̀. Ti ẹ̀gbọ́n ò ní kámẹ́rà kankan. AC rẹ̀ gan-an, ìgbà tó bá wù ú ló ń ṣiṣẹ́. Síbẹ̀, tí a bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn èèyàn á kọjá lára tèmi, wọ́n á lọ dúró yí ti ẹ̀gbọ́n ká. Lọ́jọ́ kan, ìyàwó mi lọ fara ti mọ́tò yẹn, ó ní kí n ya òun ní fọ́tò. Kò bá tiwa ya fọ́tò rí. Mo yà á, ṣùgbọ́n ìlara gbà mí lọ́kàn pátápátá.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo pe ẹ̀gbọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní parking lot. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo lálàá o. Mo rí mọ́tò yín lójú títì, ẹ̀yin ni mi ò rí nínú ẹ̀."

Wọ́n wá ní, "Ṣé ẹ̀ẹ̀kan lo lá a?"

Mo ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò lá nǹkan kan. Mo kàn mọ̀ pé ọmọ Yorùbá kì í gbọ́ irú àlá bẹ́ẹ̀ kó ní kò kan òun.

Wọ́n gbààwẹ̀, wọ́n sì ta mọ́tò náà fún òyìnbó kan ní Dacula. Wọ́n lọ ra sedan, irú tèmi gan-an. Wọ́n jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé Ọlọ́run lò mí láti dá ẹ̀mí àwọn sí, ìjọ sì pàtẹ́wọ́ fún mi. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pè mí ní Jósẹ́fù alálàá. Wọn ò mọ̀ pé àwọn ẹ̀gbọ́n Jósẹ́fù ló yẹ kí wọ́n kà mí mọ́, àwọn tí ìlara mú tà á.

Inú mi dùn fúngbà díẹ̀, mi ò ní tàn yín. Mọ́tò wa méjèèjì wá jọra, kò sẹ́ni tó ń wo ìkankan.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n wá bá mi nílé ní Lilburn. Òyìnbó yẹn fẹ́ ta mọ́tò náà padà fún wọn. Wọ́n ní tí àwọn bá ti jókòó sínú ẹ̀ láyé ìgbà yẹn, ó máa ń ṣe àwọn bíi pé bàbá àwọn ló ń gbé àwọn lọ sí school. Wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Àbúrò mi, bá mi bi Ọlọ́run. Ohun tó bá fi hàn ọ́ ni màá ṣe."

Tí mo bá ní Ọlọ́run sọ pé kò séwu, irọ́ mìíràn nìyẹn, lórúkọ Rẹ̀. Tí mo bá jẹ́wọ́, ojú wo ni màá fi wo ẹni tó gbà mí sílé? Èyí tó tún burú jù, ẹ má bínú, ni pé bí wọ́n ṣe dárúkọ mọ́tò yẹn, ìlara náà tún dìde. Ó ṣe mí bíi kí n sọ pé mo tún ti lálàá.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ kí n lá àlá gidi kan. Mi ò rí nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n wí fún wọn ní Sunday?