Ìlà Ohùn Mi Tí Wọ́n Ká Pamọ́

Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ ni n kò ti kọrin mọ́. Kódà bí mo bá ń fọṣọ lẹ́yìnkùlé, ẹnu mi a dákẹ́, èmi tí gbogbo àdúgbò mọ̀ mọ orin. Ọkọ mi kò lù mí, kò fẹ́ ìyàwó lé mi, owó oúnjẹ kò sì wọ́n mi. Bí mo bá ro ẹjọ́ yìí fún àwọn ẹbí mi, wọn yóò ní kí ni mo tún ń wá. Ìdí nìyí tí mo fi gbé e wá bá ẹ̀yin tí ẹ ń kà á. Ẹ kò mọ̀ mí, ẹ kò sì mọ ọkọ mi, ẹ kò ní í gbè sẹ́yìn ẹnì kankan.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni àwa méjèèjì, ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ la ti ń ṣiṣẹ́. A ní sítúdíò kékeré kan ní Under G, láàrin àwọn ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé. Àwọn tó ń kọrin ẹ̀sìn Islam máa ń wá ká orin sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì náà ń wá. Ọkọ mi ló ń jókòó ti kọ̀ǹpútà, èmi ni mo ń gberin. Orin tó bá ti ń fẹ́ elégbè obìnrin, ohùn mi ló wà níbẹ̀. Sọ́fítíwíà tí a kọ́kọ́ ń lò kò lẹ́wà rárá, ojú rẹ̀ rí bí eérú, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n lò ju ọkọ mi lọ. Ohùn kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀ tó nà gbọọrọ lójú kọ̀ǹpútà. Èmi ni mo fi àwọ̀ sí wọn: pupa fún ẹni tó ń dá orin, àwọ̀ ewé fún elégbè, mo sì kọ orúkọ sí ìlà kọ̀ọ̀kan ní Yorùbá. Bọ́tìnì tí a fi ń ká ohùn tóbi, ibi tí ọwọ́ ń lọ fúnra rẹ̀ ló wà. Bí a bá sì pa ìlà kan lẹ́nu mọ́, ńṣe ni yóò ṣú níwájú wa, ẹni tó bá wọlé á rí i pé ẹnì kan wà níbẹ̀ tí wọn kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ìyẹn ni mo fi fẹ́ràn rẹ̀, kì í bo nǹkan kan.

Ọdún tó kọjá ni ọkọ mi gbé òmíràn wá. Kí n má parọ́, ó rẹwà. Ojú rẹ̀ dúdú minimini, àwọn bọ́tìnì róbótó inú rẹ̀ dà bí ti rédíò bàbá mi àtijọ́, wọ́n ń wu ọwọ́ láti yí. Bí ènìyàn bá ń kọrin, iná tẹ́ẹ́rẹ́ á máa gòkè, á máa sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ohùn rẹ̀. Àfáà kan tó ń kọrin wàásù wá láti Ọ̀yọ́, ó wò ó títí, ó ní, "Bàbá Sìdí, ẹ ti di ará òkè òkun nìyẹn." Etí la fi ń gbọ́ orin, ṣùgbọ́n ojú ni àwọn oníbàárà fi ń rà á. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ nígbà tí èmi jókòó tì í, n kò mọ ibi tí ọ̀nà gbà. Lẹ́tà rẹ̀ kéré bí èso yànmọtí, àwòrán ló pọ̀ níbi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ wà, nǹkan kan á sì tún ká sínú nǹkan mìíràn. Mo ní kí ọkọ mi kọ́ mi, ó ní, "Ìyá Sìdí, má da ara ẹ láàmú. Ìwọ ṣáà máa kọrin." Ọkùnrin tí kì í rí ṣẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀ láìpè mí, òun ló wá ń ní kí n sinmi? Páńsá ò fura, páńsá já sí iná. Àjà ò fura, àjà jìn. Ara bẹ̀rẹ̀ sí í fu mí láti ọjọ́ náà.

Ohun kan ló tù mí nínú nígbà yẹn. Ikọ́ ọyẹ́ ti bá mi jà pẹ́, síbẹ̀ bí mo bá gbé hẹ́dífóònù bo etí láti kọrin, ohùn mi ń dùn mọ́ mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo rò pé ẹ̀rọ tuntun náà ló mọ ohùn ká. Bí orin bá sì parí, fóònù ni ọkọ mi fi ń fi í ránṣẹ́ sí oníbàárà, n kì í sábà gbọ́ àṣeparí rẹ̀.

Àfi ọjọ́ tí mo wọ kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti Ọjà Igbó, tí oníkẹ̀kẹ́ náà tan orin Àfáà. Inú mi dùn, mo tilẹ̀ sọ fún obìnrin tó jókòó tì mí pé ohùn mi nìyẹn. Kò pẹ́ tí ègbè náà dé ìparí. Bí àwọn ìyá tó ń kọ wákà ní Ọ̀yọ́ ṣe kọ́ mi láti kékeré, a kì í gé ìparí ègbè lójijì. A máa ń fi ohùn fà á, kó rọra wọlẹ̀. N kò lè gberin kí n má ṣe bẹ́ẹ̀. Ohùn inú kẹ̀kẹ́ yẹn jọ tèmi, ó tilẹ̀ tutù ju tèmi lọ, ṣùgbọ́n ó gé e. Obìnrin wo nìyí? Ṣé ìgbà tí mo bá lọ wo ìyá mi ní Ọ̀yọ́ ni ọkọ mi ń mú un wọlé? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbóòórùn aṣọ rẹ̀. Mo yẹ fóònù rẹ̀ wò. Mo rí píìnì híjáàbù kan tí orí rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ aró nílẹ̀ sítúdíò, mo fi í pamọ́ sínú pọ́ọ̀sì mi bí ẹ̀rí tí màá gbé lọ sí kóòtù.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí ó lọ kírun, mo jókòó ti kọ̀ǹpútà náà, mo ṣí orin Àfáà. Ìlà ègbè kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ohùn àjèjì yẹn ló sì wà nínú rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ gbogbo ohun tí ọwọ́ mi bá bà. Igun kékeré kan wà létí ibẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí òkùnkùn tó yí i ká. Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ ni àwọn ìlà mìíràn tú jáde. Ohùn mi ni. Gbogbo èyí tí mo kọ ló wà níbẹ̀, wọ́n pa wọ́n lẹ́nu mọ́, wọ́n sì ká wọn pamọ́. Mo ṣí orin mìíràn, bákan náà ni. Mo yọ dídùn tí ọkọ mi ń fi ẹ̀rọ bù kún ohùn mi nínú hẹ́dífóònù, mo jẹ́ kó sọ̀rọ̀ bó ṣe rí gan-an. Ó há bí ìgbà tí ènìyàn ń ha ìdí ìkòkò. Mo sunkún.

Ibẹ̀ ni Sìdí ọmọbìnrin mi bá mi, ó ń bọ̀ láti yunifásítì. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó sì kúnlẹ̀ láìjẹ́ pé mo bi í ní nǹkan kan. Irú píìnì aláwọ̀ aró yẹn ló wà lára híjáàbù rẹ̀. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Dádì ní tẹ́ ẹ bá mọ̀, ọkàn yín máa bàjẹ́. Wọ́n ní kí n máa kọ ọ́ bíi tiyín." Kò sí àlè kankan. Ọmọ inú mi ni wọ́n fi rọ́pò mi, gbogbo ilé ló mọ̀, àfi èmi.

Ọkọ mi kò jiyàn nígbà tó dé. Ó ní Àfáà ló kọ́kọ́ ráhùn, ó ní òun kò mọ bí òun ṣe fẹ́ sọ fún mi pé ohùn mi ti lọ, àánú ló ṣe òun. Irú àánú wo nìyẹn? Ó ń wò mí bí mo ṣe ń làágùn níwájú ẹ̀rọ, ó ń yìn mí, ó sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò ní í gbọ́ mi. Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn fi ẹ̀gún sọ́wọ́. Ẹni a ní kó fẹ́ ni lójú fi ata sẹ́nu. Ká ní ó sọ fún mi ni, ǹ bá sunkún tán, ǹ bá sì fi ẹnu ara mi kọ́ Sìdí bí wọ́n ṣe ń fa ìparí ègbè.

Ní báyìí, bó bá ní ọbẹ̀ dùn, n kì í gbà á gbọ́. Bí ará Ọ̀yọ́ bá kí mi kú orin, mo máa ń rò pé ó mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe sọ́fítíwíà orin, ẹ ṣe é kó rẹwà, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹni tí wọ́n pa lẹ́nu mọ́ dà bí ẹni tí kò sí.

Lánàá, Sìdí bẹ̀ mí pé kí n kọ́ òun ní ìparí ègbè, nítorí Àfáà ń gbé orin tuntun bọ̀. Ṣé ìfẹ́ ìyá rẹ̀ ló mú un wá, àbí bàbá rẹ̀ ló rán an? Ṣé kí n kọ́ ọ, kí n fi ọwọ́ ara mi yọ ara mi kúrò? Àbí kí n pa ẹnu mọ́, kí ohun tí àwọn ìyá fi lé mi lọ́wọ́ parẹ́ mọ́ mi lẹ́nu? Ẹ bá mi dá sí i. Ojú ọmọ náà ni mo tẹjú mọ́ títí, ojú tó rẹwà, tó dán, mo sì ń wá igun kékeré tí mo lè tẹ̀ lára rẹ̀.