Àmín Tí Mo Ṣe Fún Kẹ́mi

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ti pẹ́ nínú mi, ó ti ń rà níbẹ̀. Ǹ bá má sọ ọ́, àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n rán mi níṣẹ́ kan tí ẹnu mi ò lè jẹ́. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ẹ má wo àṣìkọ mi.

Ike ni mò ń tà ní Iyana-Iba, bọ́kẹ́ẹ̀tì, abọ́, kọ́ọ̀pù. Ìyá Oníke ni wọ́n ń pè mí. Gbogbo nǹkan ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹnu mi mú, nítorí ẹnu yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ṣe ń wá rajà lọ́dọ̀ mi.

Kẹ́mi ni ọmọ awakọ̀ tí yàrá wọn kọjú sí tèmi ní Iba. Ìyá rẹ̀ ti kú. Ọ̀dọ̀ mi ló ti ń jẹun, Màmá ló sì ń pè mí. Kíríkẹ́ẹ̀tì ló ń gbá. Èmi ò mọ orí eré náà. Wọ́n á fi pákó gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n á sáré lọ, wọ́n á sáré bọ̀, wọn ò dé ibì kankan. Mo máa ń sọ fún un pé pákó yẹn á dáa láti fi se ẹ̀wà. Òun náà á rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ kó àwọn ọmọbìnrin orílẹ̀-èdè wa tí ò tíì pé ogún ọdún lọ gbá a ní Rwanda, wọ́n mú Kẹ́mi. Àmọ́ ó ti lọ wo ìyá bàbá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn ní abúlé kan lápá Ayétòrò, níbi tí fóònù ò ti lọ. Kóòṣì wọn, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń kọ́ wọn ní eré náà, wá a dé ìsọ̀ mi. Wọ́n ní àwọn yòókù ti dé káńbù tí wọ́n ti ń múra ìrìn àjò, pé Kẹ́mi dà?

Ẹ jọ̀ọ́, àwàdà ni mo fẹ́ ṣe. Mo ní, "Kẹ́mi kẹ̀? Ó ti lóyún, ó ti lọ sílé ọkọ. Ẹ wá ẹlòmíì tó máa sáré kiri fún yín."

Mo rẹ́rìn-ín. Oníbàárà tó ń ná bọ́kẹ́ẹ̀tì náà rẹ́rìn-ín. Kóòṣì ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ẹ ṣé, mà," wọ́n wọ mọ́tò. Mo fẹ́ pè wọ́n padà, àmọ́ oníbàárà ní ọjà mi ti wọ́n jù, èmi náà sì dá a lóhùn. Mo sọ lọ́kàn mi pé wọ́n á mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ ni.

Wọn ò mọ̀. Sènámì, ọmọ Ègùn tí òun àti Kẹ́mi jọ ń lọ sí pápá láti kékeré, ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Nígbà tí Kẹ́mi fi máa dé, bàálù ti gbéra. Ó sunkún wá bá mi. Ó ní ẹnì kan tó sún mọ́ òun ló sọ pé òun lóyún, pé kóòṣì kọ̀ láti dárúkọ nítorí wọn ò fẹ́ ìjà. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti jẹ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi tán. Èmi ni mo bi í pé, "Ta ló gba àyè ẹ?"

Òun fúnra rẹ̀ ló dárúkọ Sènámì. Mo jẹ́ kó gbà pé Sènámì ló purọ́ oyún mọ́ òun. Ti àkọ́kọ́, ẹnu mi ló ṣe é. Eléyìí, ọkàn mi ni.

Ọ̀rọ̀ oyún náà dé ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tí bàbá rẹ̀ ń lọ. Wọ́n ní kí Kẹ́mi ṣì kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ìgbà tí wọ́n rí i pé ikùn ò yọ, kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́. Ó ti pákó rẹ̀ sábẹ́ ibùsùn, kò gbá a mọ́. Ó ti lé lógún ọdún báyìí, ẹgbẹ́ yẹn ti kọjá lára rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló ti ń ṣiṣẹ́. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ń wo Sènámì níbi tó ti ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì lórí fóònù níwájú ìsọ̀ mi, Kẹ́mi á wọlé, á pa ilẹ̀kùn dé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Sènámì wá. Ó kúnlẹ̀ sáàárín àwọn bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó gbé fìlà ẹgbẹ́ wọn lé mi lọ́wọ́ pé kí n bá òun fún Kẹ́mi.

"Màmá, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Mi ò mọ ohun tí mo ṣe fún un. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè sọ̀rọ̀ kó gbọ́."

Èmi ni wọ́n fi ṣe àgbà tó máa bẹ̀bẹ̀. Ó yẹ kó pa mí lẹ́rìn-ín.

Mo lọ. Kẹ́mi ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Màmá, ẹ̀yin ò mọ ìkà. Ẹni tó ba tèmi jẹ́, kò ní rí ayọ̀ ọmọ rẹ̀. Ẹ ṣe àmín."

Mo ṣe àmín. Tèmi dún ju tirẹ̀ lọ.

Mi ò bímọ rí. Kẹ́mi yìí náà lọmọ tí mo ní.

Fìlà náà ṣì wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan tí mi ò tà. Bí mo bá sọ òtítọ́, Kẹ́mi á lọ. Bí mo bá dákẹ́, Sènámì á tún padà wá kúnlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́n jù mí lọ, ṣé àmín téèyàn fẹnu ara rẹ̀ ṣe ṣeé gbà padà?